Ẹran Àdúgbò Nínú Fírísà Àǹtí Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, a kì í wo aago nílé wa láàárọ̀. Àǹtí mi la máa ń gbọ́. Àbúrò màmá mi ni, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sì ni ní ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan ní Ọ̀fà níbí. Bó bá ti kí àwọn tó ń lọ sọ́jà Ojoku pé kí wọ́n má gbàgbé omi mímu, màmá mi á ti mọ̀ pé ó yẹ kí n ti wọ yunifọ́ọ̀mù. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìkéde ewúrẹ́ tó sọnù, ẹsẹ̀ mi gbọ́dọ̀ ti wà nínú bàtà. Bí mo bá ṣì wà nídìí búrẹ́dì nígbà tó bá ń kí àwọn ará Ẹ̀rìn-Ilé, a jẹ́ pé mo ti pẹ́ nìyẹn. Màmá mi á pariwo látinú ilé ìdáná pé, "Ṣé o ò gbọ́ àǹtí ẹ ni? Wọ́n ti dé Ẹ̀rìn-Ilé o!"

Orí fìríìjì ni rédíò náà máa ń wà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti fọ́, rọ́bà ni bàbá mi fi dè é. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tí rédíò yẹn ń ṣe fún mi, nítorí mi ò rò pé mo ti sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ọmọ tó máa ń bẹ̀rù ni mí. Mo máa ń bẹ̀rù òjò, mo máa ń bẹ̀rù ìdánwò, mo máa ń bẹ̀rù pé màmá mi lè má padà dé láti ibi iṣẹ́. Àmọ́ bí ohùn yẹn bá ti ń jáde lórí fìríìjì, ọkàn mi á balẹ̀. Kì í ṣe nítorí ohun tó ń sọ. Kí ló kàn mí nínú ewúrẹ́ ẹlòmíràn? Ohun tó ń fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni pé ohùn náà kì í dáwọ́ dúró. Mo máa ń rò ó pé níwọ̀n ìgbà tí Àǹtí bá ṣì ń sọ̀rọ̀, nǹkan burúkú kankan ò lè ráyè wọlé.

Àṣé òfin iṣẹ́ wọn ni pé kí ohùn má dáwọ́ dúró, èmi ni mi ò mọ̀. Nígbà ọlidé kan, ó mú mi lọ sí sítúdíò. Ó fi mí jókòó sórí àga kan tó ń yí, ó ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan, ó wá nàka sí aago ńlá kan lára ògiri.

"Wo ọwọ́ pupa yẹn bó ṣe ń lọ," ó ní. "Kà á: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Bó bá di ẹ̀ta tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀, tí orin ò sì dún, àwọn èèyàn á rò pé rédíò àwọn ti bàjẹ́. Wọ́n á yí i kúrò lọ́dọ̀ wa. Lórí afẹ́fẹ́, ọmọ mi, a kì í dákẹ́. Ohun tó bá wá sẹ́nu ẹ ni kó o sọ."

"Tí mi ò bá ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ ńkọ́, Mà?"

"Kí àwọn aláìsàn. Kí àwọn awakọ̀. Sọ bójú ọjọ́ ṣe rí. Ọ̀rọ̀ ò lè tán."

Ọ̀rọ̀ ò sì tán lẹ́nu tiẹ̀ lóòótọ́. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pe bàbá àgbẹ̀ kan láti Ìlémọ̀nà pé kó wá sọ̀rọ̀ nípa àgbàdo gbígbìn. Bàbá náà ti ń tàkúrọ̀sọ pẹ̀lú wa látìgbà tó ti wọlé, ó ti pa wá lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí iná pupa tó ń fi hàn pé a ti wà lórí afẹ́fẹ́ ti tàn báyìí, ahọ́n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹnu. Ó ń wo máíkì bí ẹni ń wo ejò. Àǹtí béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó sì dá ara rẹ̀ lóhùn: "Bàbá ń mi orí o. Wọ́n ní kì í ṣe òjò àkọ́kọ́ lèèyàn máa ń bá gbìn ín. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, Bàbá? Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni." Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko ló fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ètò náà parí, àwọn èèyàn ń pè lórí fóònù pé bàbá yẹn mọ̀ ọ́n sọ, kí wọ́n tún pè é wá. Bàbá náà fi ọwọ́ méjèèjì bọ Àǹtí lọ́wọ́.

"Ẹ ṣé o, ìyá mi," ó ní. "Mi ò mọ̀ pé ohun tí mo mọ̀ pọ̀ tó báyìí."

A rẹ́rìn-ín títí a fi délé. Ó pẹ́ gan-an kí n tó mọ̀ pé ó yẹ kí n bẹ̀rù níbẹ̀ náà, èmi tí mo máa ń bẹ̀rù gbogbo nǹkan.

Mo ti wà ní fásitì nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un pé kó wá díje láti di aṣòfin ìpínlẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní iṣẹ́ òun dùn mọ́ òun. Ẹnì kan wá bi í pé ohùn tí gbogbo ìlú gbà gbọ́, kí ló ń fi ṣe nínú yàrá tí kò ní fèrèsé? Mi ò mọ ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ló mú un. Nínú àwòrán ìpolongo rẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́rọ̀ sétí kọ́ ọrùn bí ẹni wọ ìlẹ̀kẹ̀. Mo ṣì ní ọ̀kan lára àwòrán náà. Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi, oòrùn ti jẹ ẹ́ títí aṣọ rẹ̀ tó jẹ́ àwọ̀ ewé ti di funfun.

Ìṣòro kan wà: ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì rí i rí. Àǹtí mi kúrú, ó sì tín-ín-rín, bẹ́ẹ̀ ohùn rẹ̀ nípọn bí ohùn obìnrin tó ga tó sì sanra. Lọ́jọ́ tó wá sí àdúgbò wa, wọ́n ní láti gbé àpótí kan fún un kó gùn ún. Ìyá kan wà ládùúgbò náà tó ń ta omi tútù àti yìnyín, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Oníyìnyín. Ó wá sún mọ́ ọn, ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ṣé ìwọ náà nìyí?"

"Èmi ni, Mà."

"Irọ́ ni. Sọ̀rọ̀ kí n gbọ́."

Àǹtí kí àwọn tó ń lọ sọ́jà Ojoku, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń kí wọn láàárọ̀.

Ìyá náà pàtẹ́wọ́. "Háà! Òun ni o! Ohùn ẹ ga jù ẹ́ lọ, ọmọ yìí. Kò burú. Ohùn yẹn ni màá dìbò fún. Ìwọ náà lè tẹ̀ lé e lọ."

Ó wọlé. Mo wà lára àwọn tó sìn ín lọ sí Ìlọrin lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó lọ jókòó nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Lọ́hùn-ún, èèyàn ò lè dá sọ̀rọ̀. Ó gbọ́dọ̀ nawọ́, kí olórí ilé rí i, kó sì pè é. Láti ibi táwọn àlejò ń jókòó sí, mò ń wo ọwọ́ kékeré Àǹtí tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ nílẹ̀. Wọn ò pè é títí wọ́n fi túká. Nínú mọ́tò, ó fi ọwọ́ mú ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Látìgbà tí mo ti gbọ́n, mi ò tíì dákẹ́ tó báyìí rí," ó ní. "Eyín ń dùn mí."

Nígbà tó yá, ó mọ bó ṣe máa ṣe é. Bí wọ́n bá ti jíròrò òfin kan níbẹ̀, ọjọ́ Sátidé lá á jókòó síwájú ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ọ̀fà, á sọ gbogbo ẹ̀ ní Yorùbá tó já geere, bí ìgbà tó ń ka ìròyìn. Àwọn èèyàn á gbé àga wá láti ilé wọn. Mo nífẹ̀ẹ́ àwọn Sátidé yẹn. Bí mo bá rántí wọn báyìí, nǹkan kan máa ń fún mi láyà, ó sì máa ń dùn mọ́ mi bó ṣe ń fún mi náà. Mi ò mọ orúkọ tí wọ́n ń pe irú ìmọ̀lára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mo máa ń fẹ́ kó pẹ́ kó tó lọ.

Lẹ́yìn tí mo sin ilẹ̀ bàbá mi tán gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀, mi ò ríṣẹ́. Àǹtí ní kí n wá máa bá òun kọ lẹ́tà ní ọ́fíìsì. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní mo lẹ́ni. Òótọ́ ni, ojú sì ń tì mí nítorí ẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó fi ránṣẹ́, tí àyà mi sì máa ń já bí fóònù bá dún. Mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn rí i pé mo tọ́ sí àga tí mo jókòó lé.

Lákòókò òjò ọdún yẹn ni tiransifọ́mà àdúgbò wa jóná. A gbọ́ ìró rẹ̀ bí ìgbà tí táyà ńlá bẹ́, gbogbo ibẹ̀ sì ṣókùnkùn. Àǹtí náà ò níná, nítorí ìsàlẹ̀ òpópónà kan náà nilé rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ó ní jẹnẹrétọ̀. Mo kọ lẹ́tà, ó fọwọ́ sí i, ó tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e lọ sí Ìlọrin. Oṣù ń gorí oṣù. Èsì ò dé.

Èsì dé ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Mo fẹ́ kí ohun tí mo ṣe yé yín, kì í ṣe kí ẹ lè dárí jì mí. Ìwé náà ò gùn. Wọ́n ní tiransifọ́mà tí a béèrè fún kò sí lára èyí tí wọ́n máa ṣe lọ́dún yìí, kí a tún kọ̀wé tó bá di ọdún tó ń bọ̀. Àǹtí wà níta, ó ń ṣàlàyé òfin kan fún àwọn èèyàn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo wò ó látojú fèrèsé. Mo sọ fún ara mi pé mi ò ní ba ọjọ́ rẹ̀ jẹ́, màá fi hàn án tó bá yá. Nígbà tó yá, ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo ní ó di ọ̀la, lẹ́yìn ìpàdé. Mo wá fi ìwé náà sínú fáìlì. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Ẹ̀rù ojú tó máa fi wò mí ló bà mí.

Ìpàdé àdúgbò ló wà lọ́jọ́ kejì, nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èèyàn kún ibẹ̀. Mo jókòó lẹ́yìn Àǹtí, fáìlì wà lórí itan mi. Wọ́n sọ̀rọ̀ gọ́tà, wọ́n sọ̀rọ̀ olùkọ́, Àǹtí sì dáhùn gbogbo ẹ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Ni Ìyá Oníyìnyín bá dìde.

"Ọnọ́rébù, ẹ kú iṣẹ́. Fírísà mi ti di kọ́bọ́ọ̀dù. Aṣọ ni mò ń kó sínú ẹ̀. Lánàá, ọmọ kan ní kí n ta omi tútù fún òun, mo ní kó wá mú síńgílẹ́ẹ̀tì." Gbọ̀ngàn hó fún ẹ̀rín. Òun ò rẹ́rìn-ín. "Fírísà yẹn ni mo fi rán àwọn ọmọ mi níwèé. Mi ò wá bá yín jà. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ìgbà wo niná máa dé?"

Ó jókòó. Gbogbo ilé dákẹ́.

Láìmọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ọ̀kan, èjì. Mo rí i tí Àǹtí gbójú sókè lára ògiri bí ẹni ń wá aago. Ìwé náà wà lábẹ́ ọwọ́ mi. Ó kù kí n nà án sí i. Ó kù kí n fọwọ́ kàn án léjìká péré. Ẹ̀ta.

"Kí Iléyá tó dé," ni Àǹtí wí, pẹ̀lú ohùn tó ti ń jí gbogbo wa láti ọdún pípẹ́. "Lágbára Ọlọ́run, kí Iléyá tó dé, iná á ti wà ládùúgbò yìí."

Gbọ̀ngàn náà hó gèè. Àwọn kan dìde dúró. Ìyá Oníyìnyín fi etí ìborùn nu ojú, ó sì nawọ́ méjèèjì sókè. Kò sẹ́ni tó béèrè pé ṣé lóòótọ́ ni. Àǹtí ló sọ ọ́.

Nígbà tí mọ́tò wa fi ojú ọ̀nà ilé ìwé náà sílẹ̀, ó yíjú sí mi.

"Kí ni mo sọ yẹn?" ó bi mí.

"Ẹ ní kí Iléyá tó dé, Mà."

"Mo mọ̀. Ibi tó ti wá ni mò ń béèrè. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ṣáà dákẹ́, ẹnu mi sì là."

Mo mú ìwé náà jáde, mo fún un. Ó kà á, ó tún un kà.

"Ìgbà wo lèyí dé?"

"Àná, Mà. Láàárọ̀."

Mò ń retí kó pariwo. Ìbá tù mí lára. Ó ká ìwé náà ní mẹ́rin, ó tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. "Èmi ò lè dákẹ́, ìwọ ò lè sọ̀rọ̀," ó ní. "Àwa méjèèjì la jọ fún ìyá yẹn níná."

Oṣù méjì ló kù kí Iléyá dé. A lọ sí Ìlọrin títí tí àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì fi mọ orúkọ mi. Níbì kan wọ́n ní kí a lọ síbòmíràn, níbẹ̀ wọ́n ní kí a padà síbi àkọ́kọ́. Ní gbogbo àkókò yẹn, bí a bá ti ń kọjá ládùúgbò, wọ́n ń kí wa pé, "Ẹ kú iṣẹ́ iná o!" Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kì í ṣe pé tiransifọ́mà lè má dé nìkan. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ò ní nǹkan méjì tí wọ́n fi mọ Àǹtí. Ohùn rẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Bí wọn ò bá gba ohùn yẹn gbọ́ mọ́, kí ló kù fún un tó máa mú lọ síbikíbi?

Lọ́jọ́ kan, mo kọjá níwájú ilé Ìyá Oníyìnyín. Ó ti gbé fírísà rẹ̀ síta. Ó ti kó aṣọ inú rẹ̀ kúrò, ó ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ kí oòrùn lè wọ inú ẹ̀. Ó jókòó tì í lórí àpótí, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì eyín họ ẹgbẹ́ rọ́bà rẹ̀. "Ó kù díẹ̀ o!" ó ké sí mi. Mo dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà," mo sì yára lọ. Mo sunkún lẹ́yìn ilé ìwé. Mo sọ ohun tí mo rí fún Àǹtí, ó tẹ́tí sí mi títí mo fi sọ ọ́ tán.

"Ó tó," ó ní. "Mo máa lọ sí rédíò."

Àwọn tó jẹ́ olùgbaninímọ̀ràn rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kó sọ pé iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìṣèlú ò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Iléyá, a lọ sí sítúdíò àtijọ́ yẹn láàárọ̀. Àga tó ń yí ṣì wà níbẹ̀, kò yí mọ́. Aago náà ṣì wà lára ògiri. Bàbá tó ń bójú tó ẹ̀rọ, tí wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ń dáwọ̀ọ́ ìdùnnú pé ẹni òun padà dé. Àǹtí gbé ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sétí, iná pupa tàn. Ó kí àwọn tó ń lọ sọ́jà Ojoku. Ó kí àwọn ará Ẹ̀rìn-Ilé. Lẹ́yìn náà ó ní:

"Ẹ̀yin ará àdúgbò mi, mo ṣèlérí fún yín pé iná á dé kí Iléyá tó dé. Kò ní dé. Kò sí lára ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe lọ́dún yìí. Nígbà tí mo ń ṣèlérí náà, mi ò ní ohunkóhun lọ́wọ́. Ẹ bi mí ní ìbéèrè, mi ò mọ ìdáhùn rẹ̀, mo sì dáhùn. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ máa bínú sí mi."

Kò dárúkọ mi. Mo jókòó síbẹ̀, inú mi dùn pé kò dárúkọ mi, ojú sì ń tì mí pé inú mi dùn.

Wọ́n ṣí fóònù sílẹ̀. Ohùn tó kọ́kọ́ wọlé kò ṣàjèjì.

"Ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ yín, Ìyá Oníyìnyín. Ẹ káàárọ̀, Mà."

"Kò síná?"

"Kò sí, Mà."

Ìyá náà dákẹ́. Àǹtí náà dákẹ́. Ọwọ́ pupa ń lọ. Ẹ̀ta kọjá. Bàbá oníṣẹ́ ẹ̀rọ na ọwọ́ sí ibi tó ti máa tẹ orin, ojú rẹ̀ ti yí padà. Àǹtí gbé ìka kan sókè sí i pé kó dúró. Mo rí i pé ètè rẹ̀ ń mì, pé gbogbo ara rẹ̀ fẹ́ kí àwọn awakọ̀, kó kí àwọn aláìsàn, kó sọ bójú ọjọ́ ṣe rí. Ó di ètè náà mú. Mo ka èjìdínlógún. Mi ò tíì gbọ́ ohun tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

"Ó dáa," ni Ìyá Oníyìnyín wí nígbẹ̀yìn. "Fírísà tiyín ńkọ́? Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, Mà. Jẹnẹrétọ̀ ni a fi ń gbé e."

"Ó dáa náà. Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún." Ó pa fóònù rẹ̀.

Lọ́jọ́ Iléyá, a dé láti yídì, a pa àgbò, a sì ń gé e lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá Oníyìnyín wọlé. Ó gbé abọ́ ńlá kan lérí, ó fi ọ̀rá bò ó.

"Ẹ kú ọdún, Ọnọ́rébù."

"Ẹ kú ọdún, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó."

"Mi ò wá jókòó. Ṣé ẹ ò sọ ọ́ lórí rédíò pé fírísà yín ń ṣiṣẹ́?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, Mà."

"Gbogbo Ọ̀fà gbọ́. Ẹran mi rèé. Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ títí iná máa fi dé."

Mo wò ó lójú bóyá ó ń ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà, kò sì bínú. Kí n tó gbé abọ́ náà wọlé, ẹlòmíràn ti dé ẹnu géètì. Télọ̀ kan gbé itan àgbò méjì. Àwọn ìyàwó ilé mẹ́ta láti ilé kan náà dé, wọ́n ń jiyàn bóyá kí wọ́n da tiwọn pọ̀. Tísà kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà, tí kò pa àgbò, kó èyí táwọn aládùúgbò gbé fún un wá.

"Tísà, ẹ̀yin náà ń ṣọdún?" ni télọ̀ bi í.

"Ẹran ni mò ń ṣọdún ẹ̀," ni tísà fèsì. "Sún síwájú."

Sẹ́lótéèpù àti bírò ni mo fi ń kọ orúkọ sára ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, fírísà ti kún. Àǹtí ní ká kó tiwa jáde. A sè é tán lọ́jọ́ yẹn, àwọn tó wá to ẹran wọn sì jókòó nínú àgbàlá jẹ ẹ́. "Ọnọ́rébù, ẹ mọ̀ ọ́n sè ju bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n ṣèlérí lọ," ni ẹnì kan wí. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, Àǹtí náà bá wọn rín in.

Lọ́jọ́ kejì, jẹnẹrétọ̀ kọṣẹ́. Mẹkáníìkì kan wà ládùúgbò tí a ti ń bẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan pé kó wá wò ó, tó máa ń ní òun ń bọ̀. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ariwo dá tó sáré wọlé pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹran mi wà níbẹ̀!" ló ń pariwo.

Ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ilé náà ò fi dá. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, wọ́n á wá mú èyí tí wọ́n fẹ́ sè. Bí wọ́n bá ti dé, wọ́n á jókòó, wọ́n á sọ ohun tó wà nínú wọn, àwọn ohun tí wọn ò sọ rí ní Sátidé. Ẹnì kan á sọ̀rọ̀ dé ìdajì, á dákẹ́. Àǹtí á dúró dè é. Mo máa ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú sẹ́lótéèpù lọ́wọ́ mi. Mo rò pé mi ò tíì rí i kó ṣiṣẹ́ aṣòfin tó bẹ́ẹ̀ rí. Bí mo bá ní kí wọ́n dá àkókò kan padà fún mi láyé yìí, àwọn ọjọ́ yẹn ni màá mú, pẹ̀lú òórùn ẹran àti ariwo jẹnẹrétọ̀.

Ṣùgbọ́n wọn ò tún un yàn. Nígbà tí ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ ń bọ̀, ẹni tó ń bá a du ipò náà fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí mọ́tò, ohùn Àǹtí gan-an ni wọ́n gbà sínú ẹ̀: "Kí Iléyá tó dé! Kí Iléyá tó dé!" Bó bá ti sọ ọ́ tán, àgbò á ké. Wọ́n gbé e yí gbogbo ìlú. Nígbà tó kọjá níwájú ilé wa, mo fẹ́ ti fèrèsé. Àǹtí ní kí n fi sílẹ̀. Ó tẹ́tí sí i dáadáa. "Ohùn mi ṣì dára," ó ní. Ìdìbò dé, ó sì pàdánù. Àwọn tó dìbò fún un ládùúgbò wa pọ̀, àmọ́ wọn ò tó.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tó ti kúrò nípò, tiransifọ́mà dé. Àwọn kan ní lẹ́tà wa ló mú un wá. Mi ò mọ̀. Mo fẹ́ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo sì máa ń sọ fún ara mi pé fífẹ́ tí mo fẹ́ ẹ ò sọ ọ́ di òótọ́. Nígbà tí wọ́n ń gé ríbọ́ọ̀nù, ẹ̀yìn gan-an ni Àǹtí wà, òun àti Ìyá Oníyìnyín jọ dúró.

Ní báyìí, ó ti padà sórí rédíò, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Àwọn kan máa ń pè láti sọ pé rédíò àwọn ń dákẹ́ bí Àǹtí bá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àlejò. Èmi ṣì ń wáṣẹ́. Ilé iṣẹ́ rédíò náà ní kí n wá gbìyànjú ìkéde kíkà lóṣù tó ń bọ̀, àyà mi sì ti ń já láti ìsinsìnyí.

Iná wà dáadáa ní Iléyá tó kọjá. Síbẹ̀, a ò tíì gé ẹran tán tí Ìyá Oníyìnyín fi wọlé pẹ̀lú ọ̀rá ẹran kan, bó ṣe ń ṣe lọ́dọọdún látìgbà yẹn.

"Ìyá, ṣé fírísà tiyín ò ṣiṣẹ́ ni?" mo bi í.

"Ó ń ṣiṣẹ́. Yìnyín kún inú ẹ̀."

"Kí wá ni kí n kọ síbí, Mà?"

Ó wo Àǹtí. Àǹtí náà ń wò ó. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fírísà nìkan ló ń kùn. Mo rí i pé mi ò ka ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta.

"Kọ ọ́ pé ti Ìyá Oníyìnyín ni," ó ní. "Kọ ọ́ gàdàgbà. Àǹtí ẹ yìí, tó bá ti ń gbọ́rọ̀ lẹ́nu èèyàn, ó lè jẹ ẹran olóhun tán láìmọ̀."